Màríà Oníbàtà Rọ́bà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Félicité kò jowú. Ó jowú débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọ aláṣọ funfun àdúgbò wọn ní Pobè ti ń fi ohun tí aráyé dà nù ṣe ère ọdún Noẹ́lì, Màríà tirẹ̀ ni wọ́n ń gbé sí àárín àtíbàbà. Bídọ̀ọ̀, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti ṣófo, ló máa ń gé ṣe é, á sì fi iná yọ imú àti ẹnu sí i. Bí àlejò bá ti Sakété dé, Félicité ni wọ́n ń béèrè.

Àfi ìgbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé Jocelyne níyàwó láti Issaba. Ìyàwó àná! Ó ń ṣa bàtà rọ́bà tó ti já kiri ààtàn, ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń gé wọn wẹ́wẹ́, ó ń fi abẹ́rẹ́ gán wọn pọ̀. Nígbà tí Màríà tirẹ̀ dìde, ó ga tó ènìyàn, aṣọ búlúù rẹ̀ sì wọ́ nílẹ̀ bí aṣọ gidi. Élisée, ọkọ Félicité, wò ó títí.

"Ha! Èyí mà fẹ́ẹ̀ fọhùn o."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí nípa ti ìyàwó rẹ̀.

Ní ìjọ wọn, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà, bàtà kankan kì í sì í kọjá géètì ọgbà. Jocelyne kò tíì pẹ́ nínú ìjọ; kò wá sí i lọ́kàn pé bàtà tí a ti gé ṣì ń jẹ́ bàtà. Ó wá sí Félicité lọ́kàn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì panu mọ́. Jocelyne tiẹ̀ bi í pé, "Ìyálé mi, ṣé ó dáa báyìí?"

"Ó dáa gan-an, ìyàwó. Máa ṣe é lọ."

Ọjọ́ ọdún pé. Orin ń lọ, wọ́n gbé ère Jocelyne dé ẹnu géètì, ni Félicité bá figbe ta: "Olùṣọ́, ẹ dá wọn dúró! Bàtà ni wọ́n fi ṣe é!"

Olùṣọ́ tó ń darí ìjọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan aṣọ Màríà.

"Òótọ́ ni. Kò lè wọlé."

Omi lé ròrò sójú Jocelyne. Inú Félicité dùn dé egungun.

Olùṣọ́ yíjú sí ìjọ. "Ẹ lọ kó bẹ́ǹṣì wá. Àwa la máa jáde."

Ni wọ́n bá kó bẹ́ǹṣì àti àbẹ́là síta, sí etí títì. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ń dúró wòran. Félicité nìkan ló kù nínú ọgbà pẹ̀lú Màríà bídọ̀ọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wá a. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín Élisée. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó jáde, ó yọjú láàárín èjìká àwọn èèyàn. Ó wá àlébù títí lára ère náà, kò rí ọ̀kan.

Jocelyne rí i, ó yẹ̀ fún un.

"Ìyálé mi," ó ní, ohùn rẹ̀ kò le rárá, "ṣé ẹ ti mọ̀ látọjọ́ tí mo bi yín ni?"

Félicité yíjú sí ọkọ rẹ̀. Élisée kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ ère, ìyàwó rẹ̀ ló ń wò báyìí, ó sì ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.