Ẹ Máa Nà Wọ́n

Igbe ló pàdé wọn. Láyí kò tíì pa ọ̀kadà rẹ̀ tán, Moyinolúwa ṣì ń tú báàgì rẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ohùn Màmá ta jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Màmá, ìyá Láyí, kì í sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. Háà, háà nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n háà ti ọjọ́ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń bèèrè omi.

Wọ́n sáré yípo ilé. Josiah, àbúrò Màmá tó ń tọ́jú rẹ̀ lábúlé nígbà tí Láyí ń wa ọ̀kadà nígboro, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló dúró sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àtòrì lọ́wọ́. Ó gbé e sókè, ó sì là á mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn, fàì! Màmá wà lórí àpótí, aṣọ rẹ̀ ti ya léjìká, ẹ̀jẹ̀ ti gba ibẹ̀ jáde, egbò tuntun sì ti gorí egbò àná. Josiah tún gbé àtòrì sókè. Ohun tó ya Moyinolúwa lẹ́nu jù ni pé omijé ń dà lójú ẹni tó ń lu ènìyàn. Ó ń gbàdúrà, ó ń sunkún, ó sì ń lù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó gbé Moyinolúwa débẹ̀. Iṣẹ́ físíò ló kọ́ ní yunifásítì, iṣẹ́ àwọn tó ń ra oríkèé aláìsàn, tí wọ́n ń na iṣan tó ti ká kò, títí ara yóò fi padà ṣiṣẹ́. Oyè másítà ló ń wá báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ti dá a padà, pé kò ní ìròyìn aláìsàn kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lọ́dún yìí, Màmá ni aláìsàn náà. Odidi oṣù mẹ́ta ló fi ń ti Ajíbọ́dè wá sí abúlé yìí lọ́nà Ìjàyè, tó ń tú àwọn ìka ọwọ́ òsì Màmá tó ti di ẹ̀ṣẹ́. Mẹ́ta nínú wọn ti ṣí, ará ilé sì ti ń pè é ní Dókítà. Ó wá wọ̀n wọ́n fún ìgbà ìkẹyìn ni, nítorí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò ti ìkànnì yunifásítì. Bí ti ọdún yìí bá tún kùnà, ó ti búra pé òun ò ní kọ ọ́ mọ́ láéláé.

Láyí kò bèèrè nǹkan kan. Ó sáré, ó fi orí kan Josiah níkùn, àwọn méjèèjì sì ṣubú lu ààrò. Ìkòkò fọ́, eérú gba ojú ọ̀run. Láyí jókòó lé e láyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀ṣẹ́ bò ó, imú, ẹnu, ojú, ibi tọ́wọ́ bá ti bà. Eyín kan bọ́. Josiah tu ú jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

"O fẹ́ pa ìyá mi! Ìwọ! O fẹ́ pa á!"

Ẹni tí Láyí ti ń dọ̀bálẹ̀ fún láti kékeré ló ń pè ní "ìwọ" yẹn. 

"Dókítà ló ní kí n máa nà wọ́n!" Josiah figbe ta. "Mi ò fẹ́, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Dókítà, ẹ sọ fún un!"

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Moyinolúwa. Ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà, ó ń fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì fi ìkánjú gba ohùn sílẹ̀ fún Josiah lórí Wasáàpù: "Bàbá, mi ò ní lè wá fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa nà wọ́n láàárọ̀, ẹ máa nà wọ́n nírọ̀lẹ́. Màmá á ké o, ẹ má wo igbe. Tí àánú bá ṣe yín, gbogbo iṣẹ́ wa bàjẹ́ nìyẹn."

Àwọn ìka ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò dárúkọ ìka. Josiah ní tirẹ̀ kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ó" rí láyé. "Wọn" ló ń pè é láti ìgbà tó ti gbọ́n, nítorí náà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbọ́. Oko ló sì máa ń wà nígbàkígbà tí Moyinolúwa bá wá, kò rí bí wọ́n ṣe ń na ìka aláìsàn rí. Ohun tó ti rí ni bí wòlíì kan ṣe fi pàṣán lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára obìnrin kan nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó rò pé àwọn onílé ìwòsàn ti wá mọ̀ ọ́n náà ni.

Láyí yíjú padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn Josiah. "Ṣé òótọ́ ni, Dókítà? Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ bá mi wo ọmọ yìí o. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú rẹ̀, fọ́ọ̀mù ló ń rò. Ta ni yóò fọwọ́ sí ìròyìn aláìsàn tí wọ́n lù bẹ́ lẹ́yìn nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu onífísíò rẹ̀?

"Mi ò... mi ò sọ bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

Láyí dìde. Ọmọ odó wà lára ògiri, ó gbé e, ó sì fi gbogbo agbára sọ ọ́ kalẹ̀ sórí orúnkún Josiah. Moyinolúwa mọ ìró tó jáde níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ̀ ọ́n. Egungun ló kán. Josiah kò lè ké, ó kàn la ẹnu sílẹ̀. Láyí tún gbé ọmọ odó sókè, orí Josiah ló dojú kọ báyìí.

Màmá já bọ́ láti orí àpótí. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ń ké háà, háà, ó sì na ẹ̀yìn tó ti bẹ́ yẹn bo àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Èmi ni!" Moyinolúwa pariwo. "Láyí, èmi ni mo sọ ọ́! Irọ́ ni mo pa! Ìka ni mo ní kí wọ́n nà, wọn ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀! Ẹ wo fóònù wọn!"

Láyí ju ọmọ odó nù, ó sì gbá Moyinolúwa létí. Ìgbátí náà gbé e lu ìdí máńgòrò, ẹnu rẹ̀ bẹ́. Láyí tún fẹ́ gbá a, kò sì lè ṣe é. Ó yọ fóònù Josiah lápò, ó tẹ ohùn náà, ó sì gbọ́ ọ dópin. Ẹ má wo igbe. Nígbà tó parí, ó jókòó sínú eérú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ilẹ̀.

Igi àpótí ni Moyinolúwa là, tó fi di ẹsẹ̀ náà. Wọ́n rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ sígboro, orí ẹ̀gẹ́ sì ni wọ́n tẹ́ Josiah sí, Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, Josiah di ọwọ́ Moyinolúwa mú.

"Ẹ má bínú, Dókítà. Etí mi ni kò gbọ́ dáadáa."

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn fún un.

Aago mẹ́ta àbọ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, tó ṣí fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé òun ní kí ẹbí máa na ìka aláìsàn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pé ìka mẹ́ta sì ti ṣí. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún kí á na ìka, ó ní òmíràn ọ̀tọ̀ fún kí á na ènìyàn, àwọn méjèèjì kò sì jọ ara wọn rárá. Ó kà á. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á yóò gbà á wọlé.

Nínú yàrá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ Josiah bọ̀ sípò. Igbe rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Moyinolúwa pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́. Ó tún un kọ: "Mi ò sọ̀rọ̀ mi yanjú. Wọ́n rò pé kí wọ́n lu aláìsàn ni mo wí, wọ́n sì lù ú fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n ń lu ẹni tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo rán an. Mo ní rárá. Ẹ̀yìn rárá yẹn ni wọ́n dá a lẹ́sẹ̀."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ó pa fóònù, ó sì wọlé lọ bá wọn di ẹsẹ̀ náà mú.