Ẹja Tí A Gé Ní Lẹbẹ

Olórí apẹja fa ẹja kan yọ nínú àwọ̀n, ó yí ikùn rẹ̀ sókè, ó wò ó fìrí, ó sì sọ ọ́ padà sómi. Obìnrin tó ń ṣírò ẹja fún ìjọba rí i kedere láti ẹ̀yìn òkìtì apẹ̀rẹ̀ tó fara pamọ́ sí. Ọwọ́ pálábá bàbá yìí ti ségi lónìí.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ara ti ń fu obìnrin náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kó ẹja nínú adágún, tí wọ́n gé lẹbẹ kékeré abẹ́ ikùn wọn láti fi sàmì sí wọn, tí wọ́n sì dá wọn padà. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí apẹja bá ń mú àwọn tí a gé lemọ́lemọ́, ẹja kò pọ̀ lómi nìyẹn. Bí wọn kò bá jáde, a jẹ́ pé wọ́n ti sọnù sáàárín ọ̀pọ̀ ni. Wọn kò jáde. Inú ọ̀gá rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn: ẹja ọdún tó ń bọ̀ á pọ̀ bí yanrìn, ọ̀sán òní ló fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kí ọkọ̀ apẹja tuntun wọ omi. Ṣùgbọ́n fífúyẹ́ ni àwọn ọkọ̀ ń fúyẹ́ bọ̀ létí omi. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bí irọ́ bá wà nínú ìṣirò yẹn, wọn á kó ẹja adágún náà tán porogodo.

Ó jáde síta. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo rí yín."

"Kí lo rí, Oníṣirò?"

"Ẹja wa tẹ́ ẹ sọ sómi. Ṣé kí ìjọba lè rò pé ẹja pọ̀ ni?"

"Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi? Ẹja olóògùn. Àwọn oníbàárà kì í fọwọ́ kàn án."

"Ta ló ní olóògùn ni?"

Bàbá wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà ni. "Màmá ẹ ni. Ó ní ìwọ lo ní kí òun má jẹ ẹ́."

Ilé ìdáná ìyá rẹ̀ padà wá sí i lọ́kàn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gé ẹja. Òun ló sọ ọ́ lóòótọ́: àwọn fi oògùn oorun sómi inú garawa tí àwọn kó ẹja sí, kí ẹja má baà jà lọ́wọ́ àwọn, kí ìyá òun má jẹ èyí tí a gé títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi kọjá. Ìyá rẹ̀ gbé "má jẹ ẹ́" lọ bá aládùúgbò, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ nílé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú tì í gidi.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i, sà. Ìṣirò yẹn ò dáa."

"Àwọn apẹja yẹn ni, àbí? Mo mọ̀."

"Rárá, sà. Èmi ni."

Ó ní kí Bàbá fún òun ní òmíràn tí a gé, kí òun jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Ọ̀kan wà nínú àwọ̀n. Wọ́n sun ún lórí iná létí omi, àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tó wá ra ẹja sì pé lé e lórí láti wò bóyá yóò ṣubú. Ó bu díẹ̀. Oògùn ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Síbẹ̀, kó tó fi í sẹ́nu, ó gbé e súnmọ́ imú, ó sì gbọ́ òórùn rẹ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, kò sẹ́ni tó ń wo ẹja mọ́. Imú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò.