Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Ẹsẹ̀ Kíkẹ́

Ẹ má bá mi wá ẹlòmíì tí a ó dá lẹ́bi. Awakọ̀ tírélà tó kọlu bọ́ọ̀sì ọmọ mi lọ́nà Oǹdó ti ṣe tirẹ̀, Ọlọ́run yóò dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu èmi ìyá Kíkẹ́, èmi aránṣọ Ọjà Ọba, ló ṣe èyí tó kù. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ò tilẹ̀ kó tèmi bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ ni mo kó o bá.

Kíkẹ́ ń padà sí ilé-ìwé olùkọ́ ní Oǹdó lọ́jọ́ náà. Èèyàn mẹ́ta kú nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Itan ọ̀tún ọmọ mi ṣẹ́, wọ́n fi irin sí i, dókítà sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Jethro bá wa kọ̀wé sí ìnṣọ́ránsì tírélà náà. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n á sanwó ìtọ́jú."

Ẹni tí Ọlọ́run yọ lọ́wọ́ ikú, ṣé kò ní dúpẹ́ ni? Sọ́ńdè kejì tí a kúrò ní ọsibítù, mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí. Ta ló ń di máìkì mú kó máa sọ pé ó ṣì ń dun òun? Wọ́n á ní kò nígbàgbọ́. Mo pariwo, "Ẹ bá mi yin Olúwa!" Mo ní egungun ọmọ mi ti jinná, mo ní kò sí ìrora kankan mọ́. Ìjọ ń pàtẹ́wọ́, orí mi wú. Ni mo bá gba ọ̀pá méjèèjì tó fi ń rìn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Rìn, kí ojú ti Sátánì!"

Ó wò mí. Kíkẹ́ kì í já mi níyàn láti kékeré. Ó gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìjọ sì hó yèè. Mo rí i pé ó ń gbọ̀n. Mo rí òógùn lójú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni, èmi òmùgọ̀ yìí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ẹsẹ̀ náà ti wú. Dókítà ya àwòrán egungun, ó ní irin ti yẹ̀. Bí wọn ò bá tètè tún un ṣe, Kíkẹ́ yóò máa tiro títí ayé. Bí mo bá ta gbogbo máṣíìnì ìránṣọ mi, kò lè tó ìdajì owó iṣẹ́ abẹ náà. Owó ìnṣọ́ránsì nìkan ni ìrètí wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì wọn ní Àkúrẹ́ níbí. Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá tó ṣojú fún wọn kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, Mà." Ó wá gbé fóònù síwájú wa. Èmi nìyẹn nínú fídíò tí ṣọ́ọ̀ṣì gbé sórí Fesibúùkù, tèmi ti gèlè mi.

"Mà, ẹ ní ó ti jinná," ó wí. "Bó bá ti jinná, kí la fẹ́ sanwó fún? Bí kò bá sì tíì jinná, ta ló ní kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí irin fi yẹ̀?"

Jethro yíjú sí mi. "Mọ̀mí, ẹ ò sọ èyí fún mi."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ ju ìtìjú lọ. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa. Inú ilé Ọlọ́run ni mo dúró sí tí mo parọ́. Ọmọ mi ò jinná rárá, èmi ni mo gba ọ̀pá..."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Sà!" Kíkẹ́ já lu ọ̀rọ̀ mi. "Èmi ni mo sọ fún Màmá mi pé mo lè rìn. Èmi ni mo ní kí wọ́n gba ọ̀pá náà. Wọn ò mọ̀ pé ó ń dùn mí."

Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá kọ ọ́ sílẹ̀ wéréwéré, ó sì pa fáìlì dé. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe, àwọn ò lè sanwó fún un.

Nígbà tí a jáde, Jethro ń mi orí. Ó ní ká ní ọmọ yìí jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ni, òun ì bá rí nǹkan sọ pé wọ́n fipá mú un, pé kò lẹ́bi kankan.

Mo di apá Kíkẹ́ mú. "Kí ló dé tó o ṣe báyìí sí ara rẹ? Kí ló dé?"

Ó ní, "Màmi, mi ò lè jókòó síbẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá mi ló ba ẹsẹ̀ mi jẹ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, mo sunkún. Òun ló ń bẹ̀ mí pé kí n dìde.