Ilé Ọtí Lọ́kọ́ja Níwájú Kalẹ́ńdà

Ní ọdún 1988, èmi nìkan ni obìnrin nínú ẹgbẹ́ àwa ayàwòrán Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàǹdo. Ọdọọdún lẹgbẹ́ máa ń tẹ kalẹ́ńdà. Àwòrán kan ṣoṣo ló máa ń wà níwájú rẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ ẹni tó yà á sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Orúkọ ọkùnrin ni, látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tèmi ni kí n máa pín ẹ̀pà nípàdé. Lọ́dún yẹn mo sọ nínú ara mi pé ó tó gẹ́ẹ́, orúkọ Olúfúnkẹ́ Ọládòṣù ni ará Dòpèmú yóò máa wò kó tó mọ ọjọ́ tí oṣù jẹ́.

Ìrìn àjò ló gbé àwòrán náà kò mí. Mo lọ sìnkú ìbátan ọkọ mi kan ní Lọ́kọ́ja, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo wá yà sí ilé kan létí odò kí n lè jókòó. Àṣé ilé ọtí àtijọ́ ni. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Pákó tí wọ́n ń gbé ìgò lé ti ń dán, ìgbọ̀nwọ́ àwọn tó ti ń mu nídìí rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi ló fọ̀ ọ́ mọ́ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó pọ́n bí epo, ó bà lé orí ìgò, àwọn bàbá mẹ́ta sì jókòó sínú rẹ̀ bí ọba. Mo ya fọ́tò. Mo sì mu ìgò kan. Ìyá Ìjọ ni mí lóòótọ́, àmọ́ òùngbẹ ò mọ oyè.

Fíìmù dúdú àti funfun ló wà nínú kámẹ́rà mi. Nígbà tí mo dé Ìkòtún tí mo fọ fọ́tò yẹn tán, oòrùn tó pọ́n bí epo ti di eérú. Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Bí mo bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀pà ni màá tún pín.

Mo kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú tíì Lípítọ̀n kó lè pọ́n. Ó jáde ní àbàwọ́n àbàwọ́n bí ìtẹ́dìí ọmọ tuntun. Mo tẹ òmíràn jáde, mo fi bọ́rọ́ṣì kun àwọ̀ sí i. Ètè bàbá kan pọ́n jù, ó wá dà bí ìyàwó ọ̀ṣingín. Mo fa ìyẹn ya kí ọkọ mi má baà rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo tẹ́ ẹ̀kẹta sórí tábìlì, mo ń wò ó, mo sì ń jẹ obì. Sìkírátù tó ń ta bọ́tìnì àti síìbù ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi wọlé, ó bẹjú wò ó.

"Ìyá Ọmọ́wùnmí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọtí ni wọ́n ń tà níbí, àbí wọ́n tẹ́ òkú ni?"

"Ọtí ni jàre."

"Ọtí kẹ̀? Ti àárín yìí ti kú tipẹ́. Ẹ yẹ ẹ́ wò dáadáa, bóyá wọ́n ti fi òwú dí i nímú."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Obì sì wà lẹ́nu náà. Ó tú yàà sórí fọ́tò, ó bo pákó, ó bo ògiri, ó bo bàbá àárín látorí dé àyà. Sìkírátù sá sẹ́yìn. Èmi fa aṣọ, mo ń nù ún, mo ń ṣépè fún ẹnu ara mi. Àmọ́ bí mo ṣe ń nù ún tó, àwọ̀ náà ò lọ. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Níbi tí itọ́ mi bà sí lára pákó yẹn, oòrùn Lọ́kọ́ja ti padà dé.

"Sìkírátù, wá wò ó."

Ó wò ó pẹ́. "Bàbá yìí ti jí o," ló wí.

Mo dìde, ó di ọjà Shasha. Mo ra obì àbàtà, mo gún un, mo pò ó mọ́ omi, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Mo tẹ fọ́tò tuntun jáde, mo wá fi òwú kùn ún díẹ̀díẹ̀: pákó àti ògiri, lẹ́yìn náà ojú àwọn bàbá. Mi ò fọwọ́ kan ibi tó ń kọ mànà lára ìgò. Nígbà tó gbẹ, mo jókòó tì í. Ó ń ṣe mí bíi pé kí n ké sí olùtajà pé kó gbé òmíràn wá.

Akọ̀wọ́njọ la ti ṣèpàdé. Gbogbo wa to àwòrán wa sórí tábìlì. Ti Adéolú, alága wa, jẹ́ afárá Ìyànà Ìpájà, aláwọ̀ mèremère; ilé ìfọfọ́tò ńlá ló bá a fọ̀ ọ́. Ó rí tèmi, ó mi orí.

"Màmá, ilé ọtí lẹ gbé wá? Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ra kalẹ́ńdà wa ńkọ́?"

"Alága, níbi ìgbéyàwó Kánà ti Gálílì, ṣé ògì ni wọ́n mu?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Bàbá Zacchaeus, tó dàgbà jù nínú wa, kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ wo fọ́tò mi.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," ló sọ níkẹyìn.

Adéolú ní, "Ẹ bá Bàbá gbé omi wá."

"Kì í ṣomi," Bàbá Zacchaeus dáhùn.

Ni wọ́n bá rọ́ wá sídìí tábìlì. Kọ́lápọ̀, ọ̀kan nínú wa, bi mí pé kẹ́míkà wo ni mo lò. Mo ní obì ni. Ó ní bí mi ò bá fẹ́ sọ, kí n má sọ, kí n yéé fi òun ṣẹlẹ́yà.

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ilé ọtí na ọwọ́. Ọwọ́ ṣú sókè bíi ti ọmọ iléèwé tí wọ́n ní ta ló fẹ́ máa lọ sílé. Adéolú nìkan ló fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Mo lọ dúró tì í.

"Alága, ṣé apá ń dùn yín ni?"

Ó wo afárá rẹ̀. Ó wo ilé ọtí mi. Ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́. "Ẹ gbà á, Màmá. Ó dáa ju tèmi lọ."

Mo jó. Ìró mi tú lẹ́nu ijó náà. Mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo sì ń bá ijó lọ.

Nígbà tí kalẹ́ńdà jáde, ó débi gbogbo. Lọ́jọ́ kan ní Dòpèmú, mo rí i lára ògiri onígbàjámọ̀ kan, ó kọjú sí àga gan-an, orúkọ mi gàdàgbà lábẹ́ rẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó, mo ń wò ó. Onígbàjámọ̀ ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ fárí ni?" Bí mo bá ní rárá, yóò ní kí n dìde. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì fá a kodoro.

Bí mo ṣe dé Ìkòtún, Sìkírátù káwọ́ lérí. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni mo wí. "Mo lọ ka orúkọ mi lára ògiri ní Dòpèmú ni."