Lẹ́tà Ìkẹyìn Nínú Orúkọ Delmira

Oṣù méje ni Wilmar fi to ẹ̀rọ ìgbẹ́gi kan pọ̀ nínú gáréèjì rẹ̀ ní Salto, ìlú kan tó wà létí odò, ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ ọ̀hún sì tíì gbẹ́ jáde ni ẹ̀yà ara tirẹ̀. Nibia, ìyàwó rẹ̀, kò bá a jà. Ó kàn gbé fìríìjì tó wà níbẹ̀ lọ sí pálọ̀, ó ní kí ẹ̀rọ lè ráyè bímọ.

Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tó ń gbẹ́ igi gan-an, rúta kékeré lásán ni, irú èyí tí káfíńtà ń fi ọwọ́ kan mú láti rẹ́ etí pákó. Àwọn tó lówó máa ń ra orí gidi láti òkè òkun. Èyí tó pọ́ọ́kú jù lórí àtẹ ni Wilmar rà, ó sì ń ké bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí Wilmar ò tíì sọ fún létí odò pé ẹ̀rọ òun ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Ẹnu rẹ̀ kì í dùn ún, ẹ jọ̀ọ́.

Yànga yìí ló gbé Tabaré wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fúláàsì omi gbígbóná lábẹ́ apá kan, pákó lábẹ́ èkejì. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi ọwọ́ gbẹ́ orúkọ sára ọkọ̀ àwọn apẹja, kí ọwọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ní báyìí, tó bá ń da omi sínú ife mate, ewé tí wọ́n ń rẹ mu bíi tíì, ìdajì á wọ ife, ìdajì á wọ ṣòkòtò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ẹ wá wo ohun tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ni?"

"Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi kí o tó ra síkúrù àkọ́kọ́. Gbé ẹnu yẹn sọ́hùn-ún." Tabaré gbé pákó náà kalẹ̀. "Pákó orí bẹ́ẹ̀dì wa nìyí, ibi tí a ń gbórí sí. Gbẹ́ Delmira sí i fún mi. Lọ́jọ́ Àìkú ni ọkọ̀ mi ń wọ omi, mi ò sì ní í jẹ́ kó wọ omi láìlórúkọ."

Delmira ni ìyàwó rẹ̀. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n sin ín. Wilmar wo pákó náà. Kò sí ìkejì rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ba á jẹ́, ọjà wo ni wọ́n ti fẹ́ ra orí bẹ́ẹ̀dì tí obìnrin yẹn sùn sí títí ó fi kú?

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò lára pákó játijàti," ló ní.

Wọ́n dán an wò. Rúta ké, eruku sọ, lẹ́tà D jáde. Etí rẹ̀ rí ségesège. Wilmar tú síkúrù, ó tún un dì, ó tún D míì gbẹ́. Ségesège náà ni. Ojú tì í gan-an.

Tabaré rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Wilmar! Oṣù méje gbáko, èmi lo wá tò pọ̀! Ó ń gbọ̀n bíi tèmi!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ibo lo ti di rúta yẹn mú?"

"Lókè, níbi tó ti sanra."

"Àṣìṣe rẹ nìyẹn. Wò ó." Tabaré mú irin ìgbẹ́gi kan lórí tábìlì, ó wá fi ọwọ́ òsì gbá ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, nísàlẹ̀ pátápátá. Gbígbọ̀n náà dín kù. "Báyìí ni mo ṣe tan gbogbo yín fún ọdún méjì. Ìsàlẹ̀ ni kí o ti dì í, níbi tí irin ti ń yọjú. Kí ó sì máa bu díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé e."

Wilmar gé ìdìmú tuntun láti ara igi líle, ó fi gbá rúta mú lọ́rùn. Nígbà tó di ọ̀sán Àbámẹ́ta, D jáde, etí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò wá sí àwáwí mọ́. Wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì sábẹ́ ẹ̀rọ.

D jáde. E, L, M, I, R.

"Pa á," ni Tabaré wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ku lẹ́tà kan."

"Mo mọ iye lẹ́tà tó wà nínú orúkọ ìyàwó mi. Pa á."

Wilmar pa ẹ̀rọ. Tabaré mú irin ìgbẹ́gi. "Di ọwọ́ mi mú," ló ní. "Nísàlẹ̀."

Wilmar fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó tó wákàtí kan tí wọ́n fi gbẹ́ A kan ṣoṣo. Láàárín ẹ̀, Wilmar bú sẹ́kún, ọwọ́ tiẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, nítorí náà ìrànlọ́wọ́ tó ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n kan pákó náà mọ́ ara ọkọ̀, ọkọ̀ sì wọ omi. Apẹja kan tó ń jẹ́ Heber, tí yànga Wilmar ti sú, na ìka sí pákó náà.

"Wilmar! Ẹ̀rọ tó ju ọwọ́ ènìyàn lọ rèé? Ẹ wo lẹ́tà ìkẹyìn, ẹ gbà mí! Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló gbẹ́ ẹ ni?"

Gbogbo etí odò bú sẹ́rìn-ín. Tabaré ń wo omi, kò wojú ẹnì kankan. Wilmar wò ó, ó wá yíjú sí Heber.

"Rúta olówó pọ́ọ́kú ni," ló ní. "Nígbà tó dé ìparí, ó rẹ̀ ẹ́."

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Tabaré da omi sínú ife mate, ìdajì wọ ṣòkòtò, ó sì na ìdajì tó kù sí Wilmar.