Igi Ẹ̀gẹ́ Kì í Ṣe Igi Ìdáná

"Kò sí lórí ìwé, Ìyá Roheem," ni Tíṣà Fọlájìmí wí, ó ń fi bírò kan ìwé ọwọ́ rẹ̀ tó-tó-tó. "Ìrẹsì, indómì, ọṣẹ, fóòmù. Ohun tí ìgbìmọ̀ ní ká kó jọ nìyí. Ibo lẹ ti rí igi ẹ̀gẹ́ níbẹ̀?"

Ìtí igi ẹ̀gẹ́ mẹ́rin ni Hàjàrá sọ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Erunmu lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e, òun ló dì í, ọrùn sì ń ro ó. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni omi ya wọ Abà Àjàní, lápá Ọ̀nà-Àrà. Ó wó ilé, ó gbé ewúrẹ́ lọ, gbogbo ẹ̀gẹ́ tó wà lóko ló sì rà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo Erunmu fi ń kó nǹkan jọ fún wọn, ọkọ̀ yóò sì gbéra lọ́jọ́ kejì.

"Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́," ni Tíṣà tún wí. "Oúnjẹ làwọn èèyàn yẹn ń wá."

"Wọ́n á jẹ ìrẹsì yín tán, Tíṣà. Tí wọ́n bá wá jẹ ẹ́ tán ńkọ́? Òjò àrọ̀kúrò ti ń palẹ̀ mọ́. Bí wọn ò bá gbin ẹ̀gẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ebi ọdún tó ń bọ̀ ti dé nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ o, ẹ má kọ ọ́ o, igi mi ń lọ."

Kì í ṣe pé Hàjàrá fẹ́ràn àríyànjiyàn. Irọ́ ni, ó fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnu lásán lọ. Nígbà tí iná ìgbẹ́ jó oko rẹ̀ kanlẹ̀, tí Roheem ọmọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ ni wọ́n kó wá fún un, aṣọ àti ìrẹsì àti àdúrà. Ó jẹ, ó wọ̀, ó ṣe àmín. Ìgbà tí òjò dé, kò ní igi kan ṣoṣo tó lè gbìn. Àjíkẹ́, ìyá Múyì, tí wọn ò bára wọn tan rárá, tó jẹ́ ọjà nìkan ni wọ́n ti mọra, ló ru igi ẹ̀gẹ́ láti Abà Àjàní wá fún un. Kò tiẹ̀ dúró mu omi, ó ní òjò ti ṣú. Ara igi yẹn ni oko tí Hàjàrá ń jẹ títí dòní ti wá. Àjíkẹ́ yìí náà sì ni omi lé kúrò nílé báyìí. Ta ni yóò wá máa sọ̀rọ̀ ìwé fún un?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà sí gbọ̀ngàn náà kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé wọ́n gbé ẹrù òun sọ́kọ̀. Èéfín ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n ń se oúnjẹ fún àwọn àlejò tó fẹ́ bá ọkọ̀ lọ ya fọ́tò. Ó wo ìdí ìkòkò. Igi rẹ̀ ni! Ìtí mẹ́ta ti jóná, Títílọpẹ́ tó ń dáná sì ti ń fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ ìkẹrin.

"Yéè! Títílọpẹ́, o pa mí o!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣe bí igi ìdáná ni. Ó ti gbẹ."

"Ó gbẹ? Orí ẹ ló gbẹ! Àgbẹ̀ ló bí ẹ, àgbẹ̀ ló bí bàbá ẹ, o ò wá mọ igi ẹ̀gẹ́ mọ́?"

Tíṣà sáré jáde, ó ti ń ki ọwọ́ bàpò. "Ẹ má bínú, Ìyá Roheem. Ẹ jẹ́ ká san owó igi náà fún yín."

"Owó igi?" Hàjàrá ti ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ẹ gbin owó náà sílẹ̀, Tíṣà, ká wo bó ṣe máa hù."

Oko ló gbà lọ tààrà. Ìtí mẹ́rin ló kù lábẹ́ igi máńgòrò, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ gbìn lọ́sẹ̀ náà. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Roheem, tó ti di géńdé ọlọ́kadà, bá a níbi tó ti ń wọ́ wọn jáde.

"Ìyá mi, tiwa nìyí o. Kí la máa wá jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ẹ̀rù ba Hàjàrá, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò mọ ohun tí wọ́n máa jẹ. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Gbé ọ̀kadà ẹ wá," ló wí. "Kí o sì mú okùn dání."

Ọkọ̀ ti ṣáájú wọn dé Abà Àjàní. Wọ́n ti to àwọn èèyàn sórí ìlà, kálukú mú nọ́ńbà lọ́wọ́, ayàwòrán sì ń ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Àjíkẹ́ wà láàárín wọn, ó ti darúgbó, bùbá tí kì í ṣe tiẹ̀ ló wọ̀. Bó ṣe rí ọ̀kadà tó gbé igi ní ìbú, ó jáde kúrò lórí ìlà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa igi kan yọ, ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Oje funfun sun jáde.

"Ó yè!" ló pariwo, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ wá o, igi yìí yè!"

Ni ìlà bá dàrú. Tọkùnrin tobìnrin ń wá àdá, wọ́n ń wá ọkọ́. Ayàwòrán ní kí wọ́n dúró, wọn ò dá a lóhùn.

"Nọ́ńbà kẹrìnlá!" ni Tíṣà ń pè. "Ìyá Múyì, ìrẹsì yín rèé!"

"Ẹ bá mi gbé e sílẹ̀," ni Àjíkẹ́ ké láti ọ̀nà oko. "Ìrẹsì á dúró dè mí, òjò ò ní dúró."

Tíṣà wá bá Hàjàrá, bírò lọ́wọ́, ojú ń tì í. "Ìyá Roheem, kí ni kí n wá kọ báyìí?"

"Igi ìdáná ni kí ẹ kọ," ni Hàjàrá dáhùn, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bá wọn lọ.

Ó ti ṣe bísímílà, ó ti gbin ebè kan tán, kí Àjíkẹ́ tó bi í léèrè. "Hàjàrá, mélòó lo fi sílẹ̀ fún ara ẹ?"

Hàjàrá tún gbé ọkọ́ sókè. Ó ń kọ ebè lọ. Àjíkẹ́ wò ó títí, ó sì mí kanlẹ̀.

"O ò gbọ́n rárá," ló wí. Ó fa ìtí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi okùn dì wọ́n. "Láàárọ̀ ọ̀la, orí tèmi yìí náà ló máa ru èyí padà sóko ẹ. Kí ẹnikẹ́ni dá mi dúró lọ́nà, kó ní kò sí lórí ìwé."