Wákàtí Tí Kò Ní Dókítà

Ní agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù Kọkànlá, ni ìrọbí Tamsin Garrity bẹ̀rẹ̀ sí í le ní ilé ìwòsàn wa, ní ìhà Queensland létí odò tí ó pààlà ìpínlẹ̀ méjì. Dandan ni kí n dárúkọ ìhà náà: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí agogo mẹ́ta bá lù níhìn-ín, mẹ́rin ni ó ń lù ní òdìkejì afárá. Ìjọba tiwọn a máa sún aago síwájú. Tiwa gbà pé oòrùn mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí Tamsin jáde, ó sì wù ú kí ó fúnra rẹ̀ bí èkejì yìí. Ilé ìwòsàn kò kọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: obìnrin tí ó ní àpá abẹ kò gbọdọ̀ rọbí bí dókítà agbẹ̀bí kò bá sí nínú ilé, nítorí pé àpá náà lè ya. Òfin rere ni. Ènìyàn tí ó ń ṣe ètò rẹ̀ nìkan ni àléébù rẹ̀.

Dókítà agbẹ̀bí méjì ni a ní. Hargrave ń gbé òdìkejì odò. Iṣẹ́ rẹ̀ a máa parí ní agogo márùn-ún. Lockyer ń gbé níhìn-ín. Tirẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní agogo márùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni Prewett, alákòóso, ni ó kọ ètò náà tí ó sì fi gíláàsì bò ó. Kò bèèrè márùn-ún ìhà wo ni.

Bí ó ti di agogo mẹ́rin tiwa, Hargrave gbé ọ̀pá ìwọ̀ ẹja rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ibo lẹ̀ ń lọ, Dókítà?" Sístà Nola Fenwick, tí ó ti gbẹ̀bí ìdajì ìlú, ni ó bi í.

"Ilé ni. Aago márùn-ún ti lù."

"Lára ògiri wo?"

"Lọ́wọ́ mi, Sístà. Ògiri kọ́ lẹ gbà síṣẹ́."

Wọ́n pe Lockyer. Ìyàwó rẹ̀ ní ó wà lẹ́yìn oko lọ́dọ̀ àwọn màlúù, níbi tí fóònù kì í dé, ṣùgbọ́n kí wọ́n fọkàn balẹ̀: kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Prewett sáré wọlé. "Kò sí dókítà. Òfin ní ká gbé e lọ yàrá iṣẹ́ abẹ."

"Ta ló máa là á?" Nola bèèrè.

"Dókítà agbẹ̀bí ni."

"Èwo?"

"Èyí tí ò sí," ni Clem, ọkọ Tamsin, dáhùn.

"Ẹ jẹ́ ká pe ọkọ̀ òfuurufú," ni Prewett wí. " Wákàtí méjì péré, ó ti gbé e dé ìlú ńlá."

"Ẹ kú làákàyè, ọ̀gá," ni Nola wí. " Lockyer á ti fi wákàtí kan jókòó síbí, á máa retí wa."

Ìrora gbé Tamsin. Ó di irin ibùsùn mú títí ó fi rọlẹ̀. Ó wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Hargrave ṣì dúró sí pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀.

"Dókítà, ẹ máa lọ, ẹja ń dúró. Ẹ kàn bá mi sọ fún ọmọ yìí pé kó má tíì jáde, kò sẹ́nì kankan nílé." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Tí àpá yìí bá wá ya ńkọ́?"

Ìró ọkàn ọmọ náà ń sáré lórí ẹ̀rọ.

"Bí ẹ bá dúró," ni Prewett wí fún Hargrave, "wákàtí yẹn ò sí nínú ètò o."

Hargrave wò ó bí ẹni ń wo ẹja tí kò tó í mú. Ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ lé e lọ́wọ́, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó yí i padà sẹ́yìn ní wákàtí kan gééré, ó sì lọ fọ ọwọ́.